Òróró Lílì Àbúrò Mi

Oṣù Igbe, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyáàfin Blossia ránṣẹ́ pe èmi àti Tyche láàárọ̀ yìí. Ó mọ̀ dáadáa pé láti ìgbà ìkórè àjàrà tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó ní ká wá pọ̀. A dúró ní àgbàlá rẹ̀ bí ìgbà tí a ṣì jẹ́ ẹrú ibẹ̀, èmi lápá kan, òun lápá kejì, a ń wo ilẹ̀.

Ó ní Ofillia ọmọ òun ń lọ sílé ọkọ lóṣù Òkúdù, àti pé Carthage ni ọkọ ń gbé. Ó ní Jucunda tó ń di irun fún un ni yóò bá a wọ ọkọ̀ òkun.

Jucunda ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tyche bí. Ó ti bí i kí ìyá ọkọ Blossia, olówó wa tí a ń pè ní ìyá wa, tó kú, kó tó fi ìwé ìhágún sọ àwa méjèèjì di ẹni òmìnira. Wọ́n dá ìyá sílẹ̀, wọn ò dá ọmọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, tiwọn ni ọmọ yẹn bí àga ìjókòó wọn ṣe jẹ́ tiwọn. Èmi tí mi ò rọ́mọ bí, ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí títí ó fi mọ ìrìn.

Blossia rí ojú Tyche. Ó ní, "Má sunkún sí mi nílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi lẹ ti kọ́ṣẹ́. Ẹ lọ po òróró ìgbéyàwó fún ọmọ mi. Ẹni tí ọmọ náà bá yan tiẹ̀, kó béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi, ohun yòówù kó jẹ́. Mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn òrìṣà ilé mi."

Kò sẹ́ni nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara rẹ̀ ní ohun tí yóò béèrè: òmìnira Jucunda ni. Tyche ló kọ́kọ́ jáde, kò sì wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé, Bàbá Dama tó ń gbẹ́ ìgò alábásítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kàn rẹ́rìn-ín. "Ohun kan náà lẹ̀yin méjèèjì fẹ́ béèrè. Kí ló wá kàn yín nípa ọwọ́ ẹni tó po ó?"

Mo ní, "Bàbá Dama, ẹ gbájú mọ́ òkúta yín."

Àmọ́ ó kàn mí. Kí n má parọ́ fún ara mi, ó kàn mí gan-an. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni ìyá wa àtijọ́ fi ìkòkò lé lọ́wọ́. Bí ọmọ náà yóò bá gba òmìnira, ọwọ́ mi ni mo fẹ́ kó ti gbà á.


Oṣù Igbe, ọjọ́ kejìlélógún

Rósì dé lónìí, apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn àgbẹ̀ fowó lé e, wọ́n ní òtútù pa ti ìsàlẹ̀ odò. Òróró ólífì àìpọ́n náà gbówó lórí. Mo san án. Mo pe obìnrin mẹ́ta wá láti ìta ẹnubodè kí wọ́n máa gé ìdí funfun kúrò lára ewé òdòdó, nítorí ìdí funfun yẹn ló máa ń mú òróró kan.

Mo fi oyin pa ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá, mo ki wọ́n bọ inú ìkòkò. Bí a bá ti ń rò ó, ewé á máa tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà méje la máa ń sẹ́ ẹ tí a máa ń da rósì tuntun sí i. Ìkeje ni òpin. Ìyá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá lọ sí ìkẹjọ, ó fẹ́ jẹun lórí àwo tó ti dọ̀tí ni.

Tyche kò ra rósì kankan. Ó ra òjíá àti kálámù, koríko olóòórùn dídùn, ó sì ń fọ ìkòkò. Ó ń dúró de lílì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Lílì! Ẹgbẹ̀rún òdòdó fún ìkòkò kan, bí omi ara rẹ̀ bá sì pẹ́ díẹ̀ nínú òróró, ó ti kan nìyẹn.


Oṣù Igbe, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò.


Oṣù Igbe, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò ò dá. Rósì tó ń wọlé tutù pátápátá. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní ní yàrá òkè, mo ń fẹ́ wọn bí ẹni tó ń fẹ́ aláìsàn. Ìsẹ́ kẹta mi ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.

Jucunda yà lọ́sàn-án, wọ́n rán an wá ra tìróò àti ẹfun ojú fún ìyàwó. Ó ti ga jù mí lọ. Ó mú òróró mi, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, ó dúró díẹ̀ kó tó gbé e símú. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìsọ̀ yìí ló ti mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Màmá Àgbà, omi wọ inú eléyìí."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Ẹ má bínú." Ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará Carthage kì í rí òjò?"

"Wọ́n ń rí i. Wọn kì í kàn rí i tó tiwa."

Ó ń fi ìka fa ìlà sórí ẹfun tó dà sílẹ̀. "Màmá Àgbà, ṣé ẹ̀yin àti màmá mi ò lè kàn jọ po ó ni? Kí ẹ fi rósì sí i, kí òun fi lílì sí i?"

Mo ní rósì àti lílì kì í gbé ilé kan. Irọ́ ni. A ti po irú rẹ̀ rí fún ìyàwó adájọ́ kan, èmi àti Tyche, ó sì dára. Jucunda náà rántí, torí òun ló di ìgò mú lọ́jọ́ náà.  Ó san owó tìróò, ó sì sọdá òpópónà lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ kẹrin

Oòrùn ràn. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òrìṣà.

Ìyàwó sójà kan wọlé lónìí, ó gbọ́ òórùn òróró mẹ́rin, kò ra ìkankan, ó sì ń fojú wo ìsọ̀ ọ̀ọ́kán. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí a ṣe ń pè é ní Seplasia, òpópónà àwa ọlọ́fínńdà Capua, nìyẹn: wàá fi rósì tó nípọn sí oníbàárà lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣe é lóore, òórùn rósì á sì bo imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní gbọ́ ti ẹlòmíì mọ́ títí yóò fi délé. Gbogbo wa là ń ṣe é. Nígbà tí èmi àti Tyche ṣì wà papọ̀, òun ló máa ń ṣẹ́jú sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ ń wọlé o," èmi á sì mú ìgò.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí obìnrin náà jáde láti ìsọ̀ ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ọwọ́ òfo, àmọ́ kò sí ẹni tí mo máa bá rín in.

Mo tún wá ń rántí ọ̀rọ̀ ìgbà ìkórè yẹn. Oníbàárà kan láti Neapolis ló bi mí pé ta ni obìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn. Mo ní, "Àbúrò mi ni, òun ló ń bá mi fọ ìgò." Tyche gbọ́. Bẹ́ẹ̀, òun ló po òróró tí oníbàárà náà dì mú lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìborùn rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó pé ó ti gba ìsọ̀ ọ̀ọ́kán. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rò pé yóò padà tó bá di ìgbà òtútù.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ kẹtàlá

Ọdún rósì àwọn òkú. Gbogbo ìlú ló ru apẹ̀rẹ̀ lọ sí ìdí sàréè, owó rósì sì ti di ìlọ́po méjì, wọ́n ń fi ohun tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ bo òkúta. Mo gbé díẹ̀ lọ sórí sàréè ọkọ mi. Ó fẹ́ràn ẹ̀fọ́ ju òdòdó lọ nígbà ayé rẹ̀, kó fara mọ́ ọn.

Mo bá Tyche ní sàréè ìyá wa àtijọ́. Ó ti tẹ́ tirẹ̀. Mo tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wò ó. Ó ti rù. Ó ku díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ ti la ẹnu, àmọ́ mo ń dúró pé òun àbúrò ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Ó ń dúró de kí ni, mi ò mọ̀. Ó lọ.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìsẹ́ keje parí. Mo dúró fún un ní òru kan, mo gbọ́ ọ láàárọ̀ kí n tó jẹ nǹkan kan. Ó dára. Kò ju pé ó dára lọ.

Mo ṣe ìkẹjọ nínú ìkòkò kan. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ ogún

Ìkẹjọ ti kan. Mo dà á sí gọ́tà, ajá Bàbá Dama pàápàá yà fún un. Ó ku ìkòkò méjì tó jẹ́ ìkeje.

Bàbá Dama dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí òróró ṣe ń ṣàn lọ. "Philema, mo ní ọ̀rọ̀ kan, má sọ òkò lù mí. Gbogbo ìlú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rósì sin òkú wọn. Ṣé rósì lo fẹ́ fún ìyàwó?"

Mo ní rósì ni òdòdó Venus, òrìṣà ìfẹ́, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun tó jẹ́ agbẹ́kùúta kí ló mọ̀.

"Mo mọ̀ pé mo ní imú," ló fi dá mi lóhùn.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Lílì ti dé ọ̀dọ̀ Tyche láti ìjẹta. Kẹ̀kẹ́ màlúù méjì, gbogbo rẹ̀ funfun. Ó ń dá ṣe é. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé: ó to lílì sínú agbada fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó da òróró lé e, ó fọwọ́ rò ó, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Ó fi oyin pa ara ìkòkò, ó bu iyọ̀ wọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òróró gun orí omi, ó fi ìkarahun gbọ́n ọn kíákíá, kíákíá, láìrú ìsàlẹ̀. Èmi kì í ní sùúrù yẹn. Nígbà tí a jọ wà, èmi ni mo máa ń da tèmi nù.


Oṣù Èbìbí, ọjọ́ ọgbọ̀n

Òórùn rẹ̀ sọdá òpópónà lónìí. Mo ń lọ èròjà lọ́wọ́, mo sì dá ọwọ́ dúró.

Bí ìgbà tí ènìyàn ṣílẹ̀kùn yàrá tí aṣọ mímọ́ wà nínú rẹ̀ ni, tí oyin sì wà níbì kan tí a kò rí. Kò pariwo. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fà á símú títí àyà fi ń dùn mí. Ogún ọdún ó lé ni mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí, mi ò po irú rẹ̀ rí. Inú mi dùn. Ìdùnnú náà kò lò ju ìgbà tí mo fi mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan bí ẹ̀gún ló gùn mí, mo sì wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ofillia wá láàárọ̀ nígbà tí imú ṣì mọ́, òun àti alágbàtọ́ rẹ̀, Jucunda sì di agbòòrùn lé e lórí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wá, nítorí èmi ni àgbà. Mo ti gbálẹ̀, mo ti wọ́n omi. Mo fi rósì sínú alábásítà tó dára jù lọ́wọ́ Bàbá Dama.

Ofillia fi sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́. Ọmọ tó nínúure ni, mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀ rere.

Ó ní, "Ìyá Philema, ó dára o. Àmọ́ oṣù tó kọjá la da irú rẹ̀ sórí sàréè ìyá bàbá mi. Mi ò fẹ́ kí ọkọ mi gbórí sọ́rùn mi kó máa rántí òkú."

Alágbàtọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ofillia yí ojú sí ọ̀ọ́kán níbi tí Tyche dúró sí nínú aṣọ mímọ́, mo sì wo Jucunda. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ dán, bí ojú ẹni tó ti rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n tẹríba kí n sì yà lọ́nà.

Mo ní, "Dúró díẹ̀, ọmọ mi. Òróró kì í sọ òótọ́ nínú ìgò. Jẹ́ kó rí ooru ara." Mo mú ti ìsàlẹ̀ ìkòkò, èyí tó nípọn. Mo fi pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Mo fi sí etí ìborí rẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ imú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Philema." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n sọdá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rí i tí Tyche ṣí ìgò. Mo rí i tí Ofillia tẹ orí ba, tó tún tẹ orí ba, tó fa ojú ro.

Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ìyá Tyche. Ó dà bí omi."

"Tún un gbọ́, ọmọ mi. Rọra."

"Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ má bínú."

Ní ọ̀sán, nígbà tí rósì ti fò lọ lára rẹ̀, wọ́n ra ìgò kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà Alexandria bọ̀ láti èbúté Puteoli. Lílì ni. Lílì ará Íjíbítì, ti ọdún tó kọjá.


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ kẹrin

Mi ò ṣí ìsọ̀.


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ karùn-ún

Mo ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ ló ṣe é, pé àṣà iṣẹ́ ni, pé ọwọ́ yá ju ọkàn lọ. Irọ́ ni. Ọkàn ló rán ọwọ́ níṣẹ́. Mo ti pàdánù, mi ò sì fẹ́ kí Tyche jèrè lójú mi. Ìṣẹ́jú yẹn, mi ò rántí ọmọ náà rárá. Ọmọ tí mo pọ̀n. Ó dúró níwájú mi pẹ̀lú agbòòrùn, mi ò sì rántí rẹ̀.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti máa ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíì.


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ keje

Mo lọ bá Blossia. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, rósì, ọwọ́, ìborí. Mo ní kó jẹ́ kí Ofillia tún gbọ́ òróró Tyche láàárọ̀ kan tí kò fi nǹkan kan para.

Ó ń ka aṣọ sínú àpótí, kò dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin ọlọ́fínńdà àti ọgbọ́n yín. Mo fún yín láyè tó pọ̀, Philema. Wọ́n ti san owó òróró, wọ́n ti di ẹrù."

"Ìyáàfin, ọmọ náà nìkan la fẹ́ béèrè."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Mo ti rò ó pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú yín á yege." Ó gbé ojú sókè, àánú tiẹ̀ ṣe é díẹ̀. "Mo búra lórí ohun tí ọmọ mi bá yàn. Bí mo bá yí i padà fún yín, èwo nínú ọ̀rọ̀ mi làwọn ẹrú ilé yìí ó tún gbàgbọ́? Dìde."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Tyche. Ìtìjú tún ni ìyẹn. Mo lè sọ ọ́ fún ìyàwó ọmọ olówó wa àtijọ́, mi ò lè sọ ọ́ fún àbúrò mi.


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìgbéyàwó. Mo wò wọ́n kọjá láàárín èrò. Wọ́n fi orí ọ̀kọ̀ pín irun ìyàwó sọ́nà mẹ́fà bí àṣà, ó dọ́gba, ó ń dán. Ọwọ́ Jucunda ni. Ojú títì gba òórùn lílì ará Íjíbítì kan, àwọn ènìyàn ń sọ pé ó dùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ti àbúrò mi!


Oṣù Òkúdù, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Puteoli. Bàbá Dama ló fi kẹ̀kẹ́ ìbaaka rẹ̀ gbé wa lọ, èmi àti Tyche lẹ́yìn, àpò kan láàárín wa. A ò sọ ju "ẹ rọra" àti "ọ̀nà ò dára" lọ láti Capua títí a fi rí òkun.

Wọ́n jẹ́ kí Jucunda sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ díẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó pẹ́. Tyche kò sunkún, ó ń tún okùn bàtà ọmọ náà dì, ó tú u, ó tún un dì. Lẹ́yìn náà ni Jucunda wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lórí àwọn ìṣà wáìnì.

Mo ní, "Jucunda, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ."

Ó ní, "Mo rí ọwọ́ yín, Màmá Àgbà."

Mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

"Ìgbà tí ẹ dé ìborí, mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò bínú, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó rí lọ́jà. "Mo wá ń wo màmá mi. Kí a tó kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ti gbọ́ rósì yẹn, mo rí imú rẹ̀ tó mì. Mo ní yóò sọ pé ká lọ fọwọ́, ká padà wá lọ́la. Kò sọ ọ́. Ó ṣí ìgò. Ó fẹ́ kí lílì rẹ̀ borí rósì yín lórí ọwọ́ kan náà."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Níwájú ọ̀gá mi? Kí n ní kí ni? Pé màmá mi méjèèjì ń jà?" Ó nu ojú mi pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, èmi ni mo ń sunkún. "Ẹ má jẹ́ kó máa dá jẹun. Bó bá dá wà, kì í jẹun."

Wọ́n pè é. Ó sáré gun pákó. Ó ti ń rẹ́rìn-ín fún Ofillia kó tó débẹ̀, nítorí ìyàwó náà ń sunkún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú un dákẹ́.

Mo rò pé bí mo bá gbọ́ pé Tyche náà jẹ̀bi, ẹrù á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ó wá di pé ẹni méjì ló ní ọmọ yẹn, ẹni méjì ló sì sọ ọ́ nù.


Oṣù Agẹmọ, ọjọ́ kejì

Mo se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, mo gbé ìkòkò sọdá òpópónà. Ó jẹ́ kí n wọlé. A jẹun. Ó jẹ tiẹ̀ tán.


Oṣù Agẹmọ, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbé oúnjẹ lọ lónìí bí ti àná. Nígbà tí a jẹun tán, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ Ofillia nímú. Ó ní òun mọ̀. Mo ní mo mọ̀ pé ó mọ̀.  Àwọn ọmọ tó ń ta omi ń pariwo lójú títì, ooru mú, eṣinṣin ń bà lórí àwo.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó gbé ìgò lílì yẹn jáde láti inú òkùnkùn. Kò tà nínú rẹ̀ rárá. Ó tú ìdérí, ó di ẹ̀yìn ọwọ́ mi mú, ó kán ẹ̀kán kan sí i. Mo gbé e símú.

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi, gbogbo Seplasia mọ̀. Àmọ́ mo tún un gbọ́ kí n tó la ẹnu.

Mo ní, "Tyche, kò sí ẹni tó po irú èyí rí ní òpópónà yìí. Ìyá wa kò po ó. Èmi kò lè po ó láéláé. Tìẹ ló dára jù."

Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi ṣiṣẹ́ nínú ìsọ̀ kan, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Ó fi ìdérí dé ìgò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa. Kò wò mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún Ofillia lọ́jọ́ náà."